Àwọ̀ Rẹ̀ Kò Ṣeé Gbà Gbọ́: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Yíyan Kọfí Dìkáfù

Lẹ́tà márùn-ún la mú lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wọn ló dá lórí kọfí tí wọ́n ti yọ káfíìnì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń lé oorun lọ, kí wọ́n tó tà á, èyí tí à ń pè ní dìkáfù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kọfí yíyan nínú agolo lè má rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín yan án lẹ máa rí i, torí ìṣe kóró rẹ̀ lórí iná yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra kóró kọfí tútù kílò márùn-ún, dìkáfù ni, mo fẹ́ máa yan án nílé. Nígbà tí mo tú àpò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, kò sí àwọ̀ ewé kankan lára rẹ̀. Ṣé wọ́n ti yan án kí wọ́n tó tà á fún mi ni, àbí ó ti bàjẹ́? Ṣé kí n dá a padà? — Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má tíì dá a padà. Bí dìkáfù tútù ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́. Iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ, funfun ni. Wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, wọ́n á sá a sóòrùn. Gbodo tó bá jáde á ti pọ́n, àmàlà rẹ̀ á sì dúdú. Kò sẹ́ni tó fi iná jó iṣu yẹn. Èròjà kan ló wà nínú iṣu tó máa ń yí àwọ̀ padà bí omi, ooru àti afẹ́fẹ́ bá kàn án. Kọfí ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ ju iṣu lọ. Chlorogenic acid ni olórí wọn. Ohun tó sọ iṣu di gbodo gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí kọfí yín.

Kí káfíìnì tó lè jáde nínú kóró kọfí, kóró náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu omi. Kọfí tútù tó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í ju ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ káfíìnì á fi oruku omi gbígbóná sè é, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́, títí yóò fi wú tí ihò tíntìntín inú rẹ̀ yóò là. Ìgbà náà ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi fa káfíìnì jáde tó ráyè wọlé. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, wọ́n á tún gbẹ kóró náà padà. Kọfí tó wà lọ́wọ́ yín ti rí omi gbígbóná rí, ó ti wú rí, ó sì ti sún kì rí, kó tó dé Peckham. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń tàn bíi fàdákà lára kọfí tútù ti bọ́ dànù nínú gbogbo ìyẹn.

Bó ṣe máa pọ́n tó, ọwọ́ ohun tí wọ́n fi fa káfíìnì náà ló wà. Èyí tí wọ́n fi omi nìkan ṣe ló sábà máa ń dúdú jù. Bí ẹ bá rẹ kọfí sínú omi lásán, káfíìnì nìkan kọ́ ló máa jáde. Ṣúgà inú rẹ̀, ohun kíkan inú rẹ̀, gbogbo ohun tó ń fún un ládùn ló máa bá a lọ. Ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ Swiss Water ní British Columbia, ní Kánádà, ń dá ni pé omi tí wọ́n ń lò ti kún fún gbogbo èròjà kọfí tẹ́lẹ̀, káfíìnì nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ṣúgà inú kóró kò níbi tó máa lọ, torí ṣúgà ti wà lóde. Káfíìnì nìkan ló rí àyè jáde. Wọ́n á da omi náà gba orí èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe láti gbá káfíìnì mú, wọ́n á sì tún un lò. Ó ń gbà tó wákàtí 8 sí 10. Kóró tó bá jókòó sínú omi kọfí tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má dúdú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mountain Water, láti Mẹ́síkò, ọ̀nà omi náà ni.

Ní Kòlóńbíà, ethyl acetate tí wọ́n ṣe láti ara ìrèké ni wọ́n ń lò, tiwọn sì máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀pà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Èyí tí wọ́n fi carbon dioxide ṣe ló sábà máa ń jọ kọfí tútù jù, torí àwọ̀ ewé díẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ̀. Gáàsì tó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà ni. Bí wọ́n bá mú un gbóná ju 31°C lọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra ju nǹkan bí ìlọ́po 73 agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá, á máa ṣe bí ẹni pé ó jẹ́ gáàsì àti omi pa pọ̀: á wọnú kóró bíi gáàsì, á sì gbé káfíìnì jáde bí omi, á wá fi ọ̀pọ̀ ohun aládùn sílẹ̀. Kurt Zosel ló rí ọ̀nà yìí ní Jámánì ní 1967.

Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì bóyá wọ́n ti yan tiyín, ẹ fi ìka méjì tẹ kóró kan. Èyí tí wọ́n ti yan á rún. Tútù kò ní mira. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: dìkáfù tútù máa ń rùn bíi koríko gbígbẹ tàbí ọkà tí wọ́n rẹ, kì í rùn bíi kọfí. Tàbí kẹ́ ẹ bu ife kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ bu ife kan kọfí yíyan, kẹ́ ẹ wọn méjèèjì. Ife tútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ti yan. Ohun tó yẹ kó mú yín dá a padà ni bí ó bá ń rùn bí àpò tí òjò pa, tàbí tí ẹ rí èbu funfun tàbí èbu aláwọ̀ ewé lára rẹ̀.

Ẹ má sì kó o pamọ́ pẹ́. Ara rẹ̀ ti là, nítorí náà ó máa ń gbó ju kọfí oníkáfíìnì lọ, ó sì máa ń fa òórùn ohun tó bá wà nítòsí. Ẹ so àpò rẹ̀ pa dáadáa, ẹ gbé e síbi tó tutù tó gbẹ, kó jìnnà sí kẹrosíìnì, irú àti ọṣẹ. Bí ẹ bá lè yan kílò márùn-ún yẹn tán láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ óò jẹ adùn rẹ̀.

Agbada irin ni mo fi ń yan kọfí, gíráàmù 250 lẹ́ẹ̀kan. Kọfí oníkáfíìnì kò yọ mí lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n dìkáfù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ ti dà mí láàmú. Ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ dára lójú mi. Ó kan, ó ń rùn bíi koríko, ẹ̀rọ ìlọta kò sì fẹ́ lọ̀ ọ́. Ìgbà kejì, mo ní kí n dúró de ìró tó máa ń ta pàà-pàà. N kò gbọ́ nǹkan kan títí èéfín fi bò mí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Ibi kan náà lẹ ti ṣì í nígbà méjèèjì. Àmì kọfí oníkáfíìnì lẹ fi yan dìkáfù.

Kọfí oníkáfíìnì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, á di yẹ́lò, á pọ́n, á wá dúdú. Kó tó dé ibi tó pọ́n, iná ti ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Dìkáfù ti pọ́n kó tó dé orí iná. Nígbà tí ojú yín ń sọ pé ó ti jiná, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ṣì tutù bí ẹ̀pà tí wọ́n gbé kúrò lórí iná kó tó ta. Ìdí nìyẹn tó fi kan, tí kò sì ṣeé lọ̀.

Ìró tẹ́ ẹ ń retí náà ní ìdí tirẹ̀. Ohun tó ń mú kọfí ta ni omi inú rẹ̀ tó ń di oruku àti gáàsì tó ń kóra jọ, tí wọn kò ríbi jáde, títí kóró á fi là gbàù bíi gúgúrú. Kóró dìkáfù ti wú rí, ihò inú rẹ̀ ti là. Oruku ń rí ọ̀nà jẹ́jẹ́ yọ. Nítorí náà ìró rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í lágbára; ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi ìṣáná nínú yàrá kejì. Bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tí fáànù ń pariwo nítòsí, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Àwọn tó máa ń fi èèpo tó ń fò lókè mọ̀ pé ó ti fẹ́ ta náà kò ní rí àmì kankan, torí èèpo kò sí mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọfí máa ń ta lórí iná: ìró àkọ́kọ́ la ń sọ bọ̀ yìí, ìró kejì sì máa ń dún nígbà tó bá ti ń súnmọ́ jíjó. Èyí tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ni pé àárín ìró àkọ́kọ́ sí ìró kejì kúrú gan-an lára dìkáfù. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ní ihò, ooru tètè ń wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ìró gidi, ibi tí kọfí ti ń jó ni yóò bá ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa yan án. Ẹ wọn gíráàmù 250 lórí òṣùwọ̀n kékeré, kì í ṣe ife. Bí agbada yín kò bá fẹ̀ tó kí kóró tò lẹ́sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ dín in kù sí 200. Ẹ gbé agbada kaná níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kó gbóná ṣùgbọ́n kó má gbóná tó bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe fún kọfí oníkáfíìnì. Ẹ da kóró sí i, ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró, bí ìgbà tí ẹ ń yan gààrí. Kóró tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ti ní àpá.

Imú yín ló kù tẹ́ ẹ máa fi mọ̀nà. Ó máa kọ́kọ́ rùn bíi koríko tí òjò pa. Láàárín ìṣẹ́jú kẹrin sí ìkẹfà, òórùn yẹn á di ti búrẹ́dì tàbí àgbàdo yíyan, àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́ díẹ̀ sí i, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ óò gbóòórùn ohun dídùn, bíi ṣúgà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lórí iná. Ẹ wo kóró dáadáa nígbà yẹn: á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ìlà tó wà láàárín rẹ̀ á máa là. Ẹ dín iná kù sí ìdajì níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìró kankan. Dídín iná kù lákòókò yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìró dún kó tó dín iná ti pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró méjì mẹ́ta tẹ̀ léra, ẹ wo aago. Fún èyí tó wà láàárín, tí kò dúdú jù, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ti tó. Kọfí oníkáfíìnì lè fara da méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá ní tẹmómítà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ka dé 250°C, ẹ tì í bọ àárín kóró. Ìró àkọ́kọ́ sábà máa ń dún láàárín 196°C sí 205°C. Bó bá ti kọjá 220°C, ẹ ti súnmọ́ ìró kejì, èéfín ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ dà á sínú asẹ́ irin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ láti asẹ́ kan sí èkejì níwájú fáànù, kó tutù kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú agbada, ooru inú rẹ̀ á máa yan án lọ.

Kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò, ẹ wọn ọ́n. Ohun tí àwọ̀ fi pa mọ́, òṣùwọ̀n á sọ ọ́. Gíráàmù 250 tí ẹ yan dé àárín yẹ kó ku nǹkan bí 212 sí 217. Bó bá ku 225 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tíì jiná. Bó bá ku 200, ẹ ti jó o. Ẹ wo ara àpò ná, torí bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi inú kóró jẹ́ ìdá 9 péré, ohun tó máa sọnù á dín díẹ̀ sí èyí tí a kọ sókè yìí. Ìwọ̀n ìgbà àkọ́kọ́ yín, iye ìṣẹ́jú rẹ̀ àti bó ṣe rí lẹ́nu, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Láàárín ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ óò ti mọ tiyín.

Àṣìṣe míì tẹ́ ẹ lè bá pàdé: bí orí kóró bá ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ tí inú rẹ̀ sì mọ́, iná ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé ṣùgbọ́n tí kò dùn, tó rí bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu, iná ti kéré jù, ẹ sì ti pẹ́ jù. Kó má ju ìṣẹ́jú 14 lọ nínú agbada.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ìyan kọfí onílù tó ń yí, ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ fi bíi 10°C sí 15°C dín sí ti tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó da dìkáfù sí i: ẹni tó ń fi 200°C bẹ̀rẹ̀, kó gbìyànjú 185°C. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ẹ̀rọ gúgúrú oníná, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi ní gbọ́ ìró, ó sì yára jù. Òórùn àti aago nìkan lẹ ní, nítorí náà ẹ yan ìwọ̀n kékeré kan ṣòfò lákọ̀ọ́kọ́ láti mọ ìṣẹ́jú tó ń jó.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ káfíìnì lè fa jẹjẹrẹ. Ṣé ó ṣì wà nínú kọfí lẹ́yìn tí a bá yan án? — Òǹkàwé kan, Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn lẹ́yìn. Ludwig Roselius, oníṣòwò kọfí ní Bremen ní Jámánì, ló kọ́kọ́ sọ dìkáfù di ọjà, ó sì dá ilé iṣẹ́ Kaffee HAG sílẹ̀ ní 1906. Omi oníyọ̀ ló fi ń sè é, ó sì fi benzene fa káfíìnì jáde. Benzene lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì lò ó mọ́.

Èyí tí àwọn kan ń lò báyìí ni methylene chloride. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kó ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú kọfí yíyan. Ti Yúróòpù le jù bẹ́ẹ̀, ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan ni. Nǹkan bí 40°C ni kẹ́míkà yìí ti ń hó tó sì ń fò lọ, ẹ̀yin sì ń gbé kọfí dé 200°C. Ohun tó máa ń kù kéré jọjọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, kó ra èyí tí wọ́n kọ omi tàbí carbon dioxide sára àpò rẹ̀. Tí wọn kò bá kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà sára àpò, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀. Mo ń yan kọfí tà níwọ̀nba fún àwọn ará ìjọ wa. Dìkáfù mi, àárín ni mo máa ń yan án dé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta epo á ti bò ó, á máa dán bí ẹni pé mo yan án dúdú. Àwọn oníbàárà ń sọ pé mo ń jó o. Ohun tí mo sì tún kíyè sí ni pé kì í pẹ́ tó fi ń pàdánù òórùn rẹ̀. — Òǹkàwé kan, Houston, Amẹ́ríkà

Ẹ ò jó o. Epo wà nínú gbogbo kọfí, ẹ̀yà méjì ló sì wọ́pọ̀ jù: nínú arabica ó tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú robusta ó tó nǹkan bí 10. Lára kọfí oníkáfíìnì, ògiri inú kóró máa ń di epo náà mú títí di ìtòsí ìró kejì, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà pé kọfí tó ń dán ti di dúdú. Ògiri inú dìkáfù ti rọ̀ nínú omi. Kò lágbára àtidi epo mú, nítorí náà epo á yọ jáde kódà bí ẹ kò bá yan án jìnnà.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi han àwọn oníbàárà yín rèé. Ẹ lọ kóró díẹ̀, ẹ da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sórí ìwé funfun, ẹ da ti kọfí oníkáfíìnì tí ẹ yan dé àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awọ òde dìkáfù máa ń dúdú ju inú rẹ̀ lọ. Lẹ́búlẹ́bú ló máa fi hàn bó ṣe jiná tó. Bí méjèèjì bá súnmọ́ra, iṣẹ́ yín pé. Bí lẹ́búlẹ́bú dìkáfù bá mọ́ ju èkejì lọ púpọ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rù jíjó ti mú yín sọ ọ́ kalẹ̀ láìjiná. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń tà á.

Ní ti òórùn tó ń sọnù, ihò yẹn náà ló fà á. Gáàsì inú kọfí tuntun, tó máa ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ń tètè jáde lára dìkáfù. Afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, epo tó ti wà níta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Kọfí oníkáfíìnì lè sinmi fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ẹ tó tà á. Dìkáfù kò nílò ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ. Ẹ yan ìwọ̀nba tó máa tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ dì í sínú àpò kéékèèké tó ní ihò tí gáàsì lè gbà jáde ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yan án sí i. Àwọn tó ń pa dìkáfù àti oníkáfíìnì pọ̀ láti dín káfíìnì kù, ẹ yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó pò wọ́n. Iná tó dára fún ọ̀kan á ba èkejì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlọta náà wà níbẹ̀. Kóró dìkáfù rọrùn láti fọ́, ó sì máa ń mú lẹ́búlẹ́bú kíkúnná jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí lè dí bébà asẹ́. Bí omi bá ń pẹ́ kó tó sọ̀ tán, tí ife sì korò, ẹ jẹ́ kó rí ṣàkì díẹ̀ sí i. Bí omi bá ń yára kọjá, tí kọfí sì rí bí omi lẹ́nu, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi gíráàmù 16 sí omi gíráàmù 240 dípò 15. Ẹ má sì da ẹ̀bi adùn tí kò tó lé káfíìnì tó kúrò lórí. Káfíìnì korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkorò kọfí, ibi yíyan ló ti ń wá.

Ẹ nu ẹ̀rọ ìlọta yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Epo dìkáfù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń kan síbẹ̀, á wá ba èyí tó dára jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Kọfí wà lóko wa níbí. Dókítà ní kí n dín káfíìnì kù nítorí oorun tí n kì í rí sùn. Ṣé mo lè rẹ kọfí wa sómi gbígbóná, kí n da omi rẹ̀ nù, kí n sá a, kí n wá yan án? Ẹnì kan sì sọ fún mi pé bí mo bá yan án dúdú kirikiri, káfíìnì á jó kúrò. Òótọ́ ni? — Ìyá kan, Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí

Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa.

Ti yíyan dúdú náà kì í ṣe òótọ́. Lóòótọ́, káfíìnì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í di oruku ní nǹkan bí 178°C, ṣùgbọ́n inú kóró ló wà, díẹ̀ péré ló ń rí ọ̀nà jáde kí yíyan tó parí. Kọfí tó jó á korò, káfíìnì á sì wà níbẹ̀.

Rírẹ ẹ́ nílé náà kò ní ṣe yín láǹfààní, Mà. Omi lásán á kó adùn kọfí lọ pẹ̀lú káfíìnì, kò sì ní kó káfíìnì náà tán, torí yóò ní láti gba ọ̀pọ̀ omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó wá burú jù ni gbígbẹ rẹ̀. Kóró tó ti mu omi yó kì í tètè gbẹ, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀. Èbu á ta sí i láti inú, ẹ lè má rí i lójú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní ẹ̀rọ ìgbẹ nǹkan tó ń mú omi inú rẹ̀ padà sí ìdá 10 tàbí 11 láìpẹ́.

Ohun kan tún wà. Robusta ló pọ̀ jù nínú kọfí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà, yàtọ̀ sí ti Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Tàrábà, tó jẹ́ arabica. Káfíìnì inú robusta tó nǹkan bí ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ti arabica sì tó nǹkan bí 1.2. Ife kan nínú ti oko yín lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife méjì nínú ti ẹlòmíì.

Bí ẹ bá fẹ́ máa mu kọfí síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ra dìkáfù fún yín, tútù tàbí yíyan. Kò ní í jẹ́ òdo o. Ní Yúróòpù, káfíìnì inú dìkáfù yíyan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún káfíìnì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yọ. Bí ẹ bá fi gíráàmù 15 po ife kan, káfíìnì rẹ̀ kò ní ju mílígíráàmù 15 lọ, ó sì sábà máa ń dín gan-an sí ìyẹn. Ife kọfí oníkáfíìnì máa ń tó nǹkan bí 95.

Àti obì, Mà. Tí ẹ bá ń jẹ obì, ì báà ṣe àbàtà tàbí gbànja, káfíìnì wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó wà nínú kọfí, tíì náà sì ní in. Ẹni tó mu dìkáfù láàárọ̀ tó wá jẹ obì nírọ̀lẹ́ kò tíì dín káfíìnì kù. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń jẹ ẹ́, kó lè kà á mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì gbìyànjú kí obì má kọjá ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wo bí oorun yín ṣe máa rí.